Àgbéyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí Jaguar Heritage: báàjì 4.2 tó wà lẹ́yìn E-Type kan

Ẹnikẹ́ni tó bá ń wá Jaguar E-Type àtijọ́, ọkọ̀ eré ìje, rà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó ní kí ẹni tó ń tà á kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí bí wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ náà nílé iṣẹ́ lọ́dọ̀ Jaguar Daimler Heritage Trust, àjọ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ Jaguar, ní Gaydon. Ẹni tó ni ọkọ̀ ni wọ́n ń fún. Èmi ni mo bá ẹni tó ń ta tèmi san owó rẹ̀, kò sì dùn mí rárá.

Kúpé, èyí tí òrùlé rẹ̀ kì í ṣí, ni ọkọ̀ tí mo lọ wò. Báàjì ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán gbinrin: Jaguar, 4.2 Litre, E Type. Ẹni tó ń tà á kò parọ́ o, ẹ́ńjìnì 4.2 ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Gíá kìíní ló mú mi fura. Bí mo bá fẹ́ kó wọlé nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń rìn, ariwo ni. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí 4.2 dé ní oṣù kẹwàá 1964, Jaguar ti pààrọ̀ gíábọ́ọ̀sì àtijọ́ yẹn sí èyí tí gíá kìíní rẹ̀ ń wọlé wọ́ọ́rọ́.

E-Type tó jáde ní Geneva lọ́dún 1961 ní ẹ́ńjìnì 3,781 cc, òun ni wọ́n ń pè ní 3.8, “Jaguar” nìkan ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ 4,235 cc, ìyẹn 4.2, ló gba báàjì tó ń sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe tó. Lókèèrè, méjèèjì jọra tán, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń wo báàjì, báàjì tuntun sì wà lọ́jà fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́. Nọ́mbà ni kí ẹ wò. Nọ́mbà ṣásì ọkọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 860, kúpé 3.8 tí ìdarí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún nìyẹn. 1E ló máa ń ṣáájú ti 4.2 àkọ́kọ́. Lára ẹ́ńjìnì, lókè fílítà ọ́ìlì, 7L ni mo bá. R ni ti E-Type 3.8, 7E ni ti 4.2 àkọ́kọ́. Ẹ́ńjìnì XJ6 ló ń jẹ́ 7L, ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin!

Ìwé ẹ̀rí dé, ó là á mọ́lẹ̀. Inú àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń kọ ọ́ jáde: nọ́mbà ẹ́ńjìnì àkọ́kọ́, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú R, nọ́mbà gíábọ́ọ̀sì, àwọ̀ tí wọ́n fi kùn ún, ọjọ́ tí wọ́n tò ó parí, ọjọ́ tó jáde àti ẹni tí wọ́n kó o fún láti tà. Wọn kì í wá wo ọkọ̀ fúnra rẹ̀, wọn kò sì lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn tó kúrò ní Coventry. Ẹ̀yin lẹ ó tẹ̀ síwájú láti fi nọ́mbà wé nọ́mbà.

Mo ra ọkọ̀ náà, ní iye tó yẹ ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì àkọ́kọ́ rẹ̀ ti sọnù. Ẹ́ńjìnì XJ6 yẹn ń ṣiṣẹ́ dáadáa, n kò ní yọ ọ́. Báàjì ni mo yọ. Àwọn kan ní kí n fi í sílẹ̀, pé ohun tó sọ nípa ẹ́ńjìnì kì í ṣe irọ́. N kò gbà, torí ẹni tó bá rí i yóò rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí ọkọ̀ náà. Mo ti ní kí wọ́n jó àwọn ihò rẹ̀ dí, “Jaguar” nìkan ló kù níbẹ̀.