Ìkìlọ̀ lórí Ayédèrú Bátìrì àti Alternator Kejì fún Bàálù Tí A Fọwọ́ Ara Wa Kàn

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, tí ẹ ń fi ọwọ́ ara yín kan bàálù kéékèèké, ẹ ṣọ́ra fún oníṣòwò kan tó ń polówó ohun èlò iná lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ń tà ni bátìrì méjì, alternator kékeré (ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti pèsè iná) tí yóò gba iṣẹ́ ṣe bí ti àkọ́kọ́ bá kú, àti àpótí kékeré kan tó yẹ kó já iná nígbà tí fóltì bá pọ̀ jù. Ó ní tuntun ni gbogbo wọn, ó sì ń tà wọ́n ní owó pọ́ọ́kú. Mo rà á, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó so ohunkóhun mọ́ bàálù.

Àpótí yẹn ló burú jù. Bí regulator, ìyẹn ohun tó ń ṣàkóso fóltì alternator, bá bàjẹ́, tí alternator sì ń tú iná jáde láìníjàánu, àpótí náà ló yẹ kó gé e nígbà tí fóltì bá dé nǹkan bí 16. Mo so ó mọ́ ẹ̀rọ tí mo fi ń dán nǹkan wò lórí tábìlì, mo sì ń gbé fóltì sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé 18, kò mira. Nígbà tí mo là á, resistor kan (ohun tó ń dín iná kù) àti iná pupa tíńtín ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù dúdú bò mọ́ inú rẹ̀. Iná pupa náà ń tàn dáadáa. Gbogbo iṣẹ́ tó mọ̀ nìyẹn.

Wọ́n kọ 16 ámpìà-wákàtí, ìyẹn ìwọ̀n iná tí bátìrì lè kó pamọ́, sí ara bátìrì kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ ìwé tuntun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ni mo ti rí ìwé àtijọ́, tí wọ́n ti ha déètì rẹ̀ kúrò. Bí a bá fi ẹrù ámpìà 5 fa bátìrì tó dára tó kún, yóò lo ju wákàtí méjì lọ kó tó wálẹ̀ dé fóltì 10.5. Ọ̀kan nínú méjèèjì kò lo wákàtí kan. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé mítà nìkan, nítorí bátìrì tó ti gbó lè fi fóltì 12.8 hàn níwọ̀n ìgbà tí nǹkan kan kò bá fa iná lára rẹ̀.

Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń lo magneto láti tan iná sí epo lè fi ọkàn balẹ̀ díẹ̀, nítorí magneto ń dá iná tirẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ló ń tan iná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì yín, tí páǹpù epo náà sì ń lo iná, bí iná bá kú pátápátá, ẹ́ńjìnnì kú nìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi ń ní bátìrì méjì àti ọ̀nà iná méjì tó dá dúró, kí àléébù kan má bàa pa méjèèjì pọ̀. Ẹ ro iye ámpìà tí ohun tí ẹ kò lè ṣe aláìní ń jẹ pọ̀, kí ẹ tó ra alternator kejì. Èyí tí ọkùnrin yìí tà, tí wọ́n ń dè sí ojú ibi tí vacuum pump (páǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́) ń jókòó sí lára ẹ́ńjìnnì, ni ó kọ 20 ámpìà sí lára, ṣùgbọ́n kò fún mi ju nǹkan bí 8 lọ.

Ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí rẹ̀ ni pé FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, kò fi dandan lé ìwé àṣẹ fún irú ohun èlò yìí lórí bàálù àdákàn, èyí tí ó jẹ́ òótọ́. Síbẹ̀ ó tún fi ẹ̀dà ìwé 8130-3 (ìwé FAA tó ń jẹ́rìí sí ohun èlò bàálù) ránṣẹ́, tí nọ́ńbà inú rẹ̀ kò bá ti ara ọjà mu rárá. Kò gba káàdì kírẹ́díìtì; báńkì sí báńkì ló fẹ́, ó sì ń dín owó fún ẹni tó bá gbà.

Ẹni tó bá ti rà á, kí ó má gbé bàálù náà fò kí ó tó dán ohun gbogbo wò bí mo ti ṣe. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, ìwé ìlẹ̀mọ́ àtijọ́ àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá a sọ, kí ẹ fi ẹ̀sùn náà sun FTC (àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà) àti IC3 ti FBI (ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì), kí ẹ sì fi fọ́ọ̀mù 8120-11, tí a fi ń fi ẹjọ́ ohun èlò bàálù tí a fura sí sùn, ránṣẹ́ sí FAA nítorí ìwé ayédèrú yẹn.