Àga Ojúde ní Ìjẹ̀bú: Ike, Irin, Alumíníọ̀mù Tàbí Igi?

Bí ẹ bá ń wá àga tí yóò máa gbé ojúde, tí ẹ ò ní máa sáré gbé wọlé nígbàkúùgbà tí òjò bá ṣú, ìrókò tàbí alumíníọ̀mù ni kí ẹ fowó sí. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá ni òjò fi ń rọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Bó bá dá, ọyẹ́ ló kàn.

Irin ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí ó dùn mí. Mo ra àga onírin mẹ́fà lọ́wọ́ oníṣòwò kan, ọ̀dà dúdú wọn ń dán gbinrin. Lọ́dún kejì, lọ́jọ́ Ojúde Ọba tí ilé kún, ẹ̀gbọ́n bàbá mi jókòó lé ọ̀kan, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kán. A dúpẹ́ pé wọn ò fara pa. Nígbà tí mo gbé ẹsẹ̀ tó kán náà, ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń dán, ṣùgbọ́n omi pupa àti èérún ógùn-ún ló ń dà jáde nínú rẹ̀. Páìpù oníhò ni. Omi gba ojú ibi tí wẹ́dà ò jó pa wọlé, kò rí ọ̀nà jáde, ó sì ń jẹ irin láti inú. Ẹ dojú àga dé kí ẹ tó sanwó. Ẹ wò ó bóyá wọ́n jó gbogbo oríkèé yíká, bóyá ihò kékeré sì wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ tí omi lè gbà sun jáde.

Alumíníọ̀mù kì í dógùn-ún bí irin. Ó fúyẹ́, ìyá àgbà lè dá a gbé, àmọ́ ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò náà lè gbé e. Ẹ mú òòfà dání lọ sọ́jà: bó bá lẹ̀ mọ́ ara àga, irin tí wọ́n kùn ni wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Ike ló dínwó jù. Òjò ò rí i ṣe, oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ ra á, tí ọwọ́ yín funfun bí ẹni fọwọ́ kan ẹfun, kò ní pẹ́ sán.

Igi ló lọ́rọ̀ nínú. Ìrókò, apá àti tíìkì le, ikán ò fi bẹ́ẹ̀ rí wọn jẹ. Àárín igi nìkan ni mo ń sọ o; ibi funfun tó sún mọ́ èèpo máa ń jẹrà kíákíá, àwọn kan sì máa ń fi ọ̀dà bò ó. Nítorí náà, ẹ ní kí káfíńtà jẹ́ kí ẹ rí pákó kó tó kùn ún. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n inú ilé ni ibi tirẹ̀. Mẹ̀láínà, irú èyí tí wọ́n gbìn sí igbó J4 ní Ìjẹ̀bú nítorí ilé iṣẹ́ bébà Ìwópin, ṣeé lò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ní òrùlé. Ẹ má gbé e kalẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀.

Ìrókò wọ́n, ó sì wúwo, ọkùnrin méjì ló ń gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ fi epo tí wọ́n fi ń pa igi pa á kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀, torí ibẹ̀ ni omi ń gbà gòkè. Ẹ wá fi àfọ́kù táìlì tẹ́ ẹ nídìí.