Sípíkà Báàsì: Àpótí Dídí àbí Àpótí Oníhò?

Ẹni tó bá ń wá sípíkà báàsì ní ọjà Wuse tàbí ní Sabon Gari Kano, iye wáàtì tó wà lára páálí ni ọlọ́jà máa kọ́kọ́ nawọ́ sí. Èmi náà ti tẹ̀lé nọ́ńbà páálí rí: 2,000 wáàtì ni wọ́n kọ sára èyí tí mo rà fún ìjọ wa ní Kubwa, ṣùgbọ́n kí àìsùn àkọ́kọ́ tó parí, kọ́ìlì rẹ̀ ti ń rùn bí ike tó jóná. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ AES (ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn) sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kí ẹ béèrè, nítorí wákàtí 2 gbáko ni wọ́n fi ń da ariwo bo sípíkà ní yàrá àyẹ̀wò kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn wáàtì, irú àpótí ló kàn. Nínú àpótí dídí, èyí tí kò ní ihò kankan, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń ti bébà sípíkà padà bíi sípíríìnì, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì máa ń rọra tán: nǹkan bíi 12 dB (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó) ló ń já sílẹ̀ nígbàkígbà tí iye Hz (iye ìgbà tí ìró ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan) bá dín sí ìdajì. Àpótí oníhò lágbára jù ú lọ ní Hz tí wọ́n ṣe ihò rẹ̀ sí, bébà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mì níbẹ̀, torí pé ihò ló ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ tí ìró bá ti rẹlẹ̀ ju ibẹ̀ lọ, 24 dB ló fi ń já, bébà á sì máa jù láìsí ohun tó dì í mú, títí tó fi lè ya. Nínú ìwé àyẹ̀wò, ẹ wo ìlà ohms (bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó): òkè kan ni ti àpótí dídí, òkè méjì tí àfonífojì wà láàárín wọn ni ti oníhò, ìsàlẹ̀ àfonífojì náà sì ni Hz ihò.

dB ni olùrà ti ń ṣìnà jù. Ìgbì ìró 40 Hz gùn ju mítà 8 lọ, fóòmù ara ògiri yàrá kékeré kò lè gbé e mì. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gbé sípíkà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pápá gbalasa kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ilẹ̀ yẹn ń fi 6 dB kún un. Nítorí náà, èyí tí wọ́n wọ̀n nílẹ̀ ní 100 dB kò ju èyí tó ní 94 dB láìsí ilẹ̀ nítòsí. Bẹ́ẹ̀, 3 dB péré tó ìlọ́po méjì wáàtì. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣeré mọ iye epo tí ìyẹn jẹ́.

Fún pálọ̀ ní Gwarinpa, àpótí dídí ni mo máa rà. Fún òde ìgbéyàwó ní gbangba, níbi tí okùn tó nípọn jù lára gìtá báàsì á ti máa dún ní nǹkan bíi 41 Hz, oníhò ni, kí ẹni tó ń bójú tó ampilifáyà sì gé ohun tó bá wà nísàlẹ̀ Hz ihò kúrò. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi aṣọ dí ihò náà tí ẹ kò bá lò ó. Eruku ibí pọ̀, eku náà sì fẹ́ràn ibẹ̀.