Ojú Ọnà àbí Ìtò Òkúta?
Ní ṣọ́ọ̀ṣì San Pedro de la Nave, Sípéènì, wọ́n gbẹ́ Dáníẹ́lì sí orí òpó kan, láàárín àwọn kìnnìún, ó nawọ́ méjèèjì sókè. Ọ̀nà méjì ni a lè fi wá ìgbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Ẹni tó ń wo ojú ọnà, ìyẹn bí iṣẹ́ náà ṣe rí, á fi wé iṣẹ́ mìíràn, á ní ọ̀rúndún keje ni, ayé àwọn Visigoth, ẹ̀yà tó ń jọba ní Sípéènì nígbà náà. Ọ̀nà yìí yá, kò náwó. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí iṣẹ́ tí a fi wé e bá ti ṣì, gbogbo rẹ̀ ṣì nìyẹn. Ẹni tó ń ka ìtò òkúta, ìyẹn bí wọ́n ṣe to òkúta ògiri léra, á bi ògiri léèrè: ṣé ibí ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún, àbí ilé àtijọ́ ni wọ́n ti kó o wá? Luis Caballero, awalẹ̀pìtàn ará Sípéènì, gba ọ̀nà kejì yìí, ó ní lẹ́yìn ọdún 711 ni, ọdún tí àwọn Mùsùlùmí wọ Sípéènì. Òun ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tú ṣọ́ọ̀ṣì náà ní 1930 sí 1932, wọ́n tún un tò níbòmíràn kí omi má baà bò ó, èyí sì lè da ẹ̀rí ògiri rú.