Ọdún kan àbọ̀ tí ọmọ mi lò nílé ìwé aládàáni

Aránṣọ ni mí ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Kì í ṣe fáàrí ló jẹ́ kí n mú ọmọbìnrin mi kúrò nílé ìwé ìjọba. Ọmọ 71 ló wà ní kíláàsì wọn, mẹ́rin-mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì kan, ó sì ti wọ kíláàsì kejì láìlè ka ojú ìwé kan tán.

Nílé ìwé tuntun, ọmọ 22 péré ni wọ́n. Bí kò bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, àǹtí kíláàsì wọn á pè mí lórí fóònù. Kí táàmù kejì tó parí, ó jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń ka orúkọ àwọn oníbàárà nínú ìwé ìwọ̀n mi, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Mo dá máṣíìnì dúró, mo kàn ń gbọ́. Mi ò ní gbàgbé oore àǹtí yẹn láé.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? 65,000 náírà ni wọ́n pè fún táàmù kan, mo sì rò pé ó parí síbẹ̀. Owó ìwé tún wà, owó lẹ́sìn, owó PTA. Táàmù àkọ́kọ́ gba 140,000 lọ́wọ́ mi. Yunifọ́ọ̀mù ló dùn mí jù: ọ̀dọ̀ wọn nìkan la ti gbọ́dọ̀ rà á, 18,000 ẹyọ kan. Mo yí inú rẹ̀ síta. Wọn ò wíìfù etí rẹ̀ kí òwú má baà máa tú, wọn ò sì ṣẹ́ aṣọ kankan sínú tí mo lè tú bí ọmọ bá ga. Kò pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó fi ya lábíyá. Àǹtí tí mo ń yìn yẹn náà ti lọ nítorí owó oṣù tí kò tó nǹkan, ẹni méjì ló sì ti rọ́pò rẹ̀.

Síbẹ̀, mo ṣì lè fara da gbogbo ìyẹn. Ọmọ tó bá sọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní fẹ̀náákúlà, 50 náírà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà Iléyá, ìyá mi wá láti Ìsẹ́yìn, wọ́n bi ọmọ náà pé kí ló jẹ. Ọmọ dákẹ́. Ó yíjú sí mi, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí bóyá òun lè fi Yorùbá dá màmá lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo lọ bá ọ̀gá ilé ìwé. Wọ́n ní ohun tí àwọn òbí ń sanwó fún nìyẹn. Èmi ò sanwó fún un. Tíṣà ni bàbá mi, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ nípa ètò tí ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ n'Ífẹ̀ lọ́dún 1970: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún odidi ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì ní tíṣà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọmọ síbẹ̀, kó ní kí wọ́n kọ gbogbo owó sórí ìwé kó tó san kọ́bọ̀, kó sì béèrè bí tíṣà kíláàsì náà ti pẹ́ tó níbẹ̀. Tèmi ti ń padà sílé ìwé ìjọba lóṣù Kẹsàn-án. Mo ti wá àǹtí yẹn rí. Á máa wá bá a kàwé ní ṣọ́ọ̀bù mi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.