Ìsọ̀ aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú mọ ọjà tuntun kéde
Kí àdìrẹ ẹlẹ́kọ tuntun wọn tó dé orí àtẹ ni ìsọ̀ yìí ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp: iye ọ̀pá, iye owó, ọjọ́ tí títà máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé aró máa ń ṣí nígbà àkọ́fọ̀, kí a dá a fọ̀ nínú omi tútù. Èyí wù mí gan-an, torí ibẹ̀ ni aáwọ̀ oníbàárà àti ọlọ́jà ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ìkéde náà ò dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn. Broadcast WhatsApp, ìyẹn iṣẹ́ kan náà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan, ni wọ́n lò; kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà ìsọ̀ pamọ́ sórí fóònù rẹ̀, èèyàn 256 péré sì ni àkójọ broadcast kan ń gbà. Kí wọ́n máa rán oníbàárà létí láti fi nọ́ńbà náà pamọ́ bó bá ti ń sanwó.