Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Òkè Ìdànrè, àmọ́ ẹ má kánjú gùn ún

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tíṣà tó ń wá ibi tí ọmọ ti lè kẹ́kọ̀ọ́ níta gbangba, Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni mo fún ní márùn-ún nínú márùn-ún, kò sì jìnnà sí Àkúrẹ́ rárá. Ohun tó ń bà á jẹ́ fún ọ̀pọ̀ iléèwé ni ìkánjú. Wọ́n á dé, wọ́n á sáré gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀, táwọn ọmọ bá délé wọn ò ní rí nǹkan kan sọ ju pé ẹsẹ̀ ń dun àwọn.

Ara òkúta gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ jàre. Granite ni, ìyẹn òkúta líle tí ooru ti kọ́kọ́ yọ́, ó ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún, abẹ́ ilẹ̀ ló ti rọra tutù kí òjò àti afẹ́fẹ́ tó ṣí ilẹ̀ kúrò lórí ẹ̀. Níbi tẹ́ ẹ bá ti kọ́kọ́ sinmi, ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ pa á, wọ́n á rí wóró funfun tó tó èékánná nínú ẹ̀, torí pé kò tètè tutù ló jẹ́ kí wóró yẹn ráyè tóbi. Oòrùn àti òtútù tún máa ń jẹ́ kó bó ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn ọmọ tí àwa kó lọ kọ̀ kò kúrò níbi tó ti ń bó yẹn, ó ń ki ìka bọ abẹ́ ẹ̀, ó ní ìgbà wo ló máa wá já bọ́? Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn gan-an.

Lókè lọ́hùn-ún, ìlú odindi ló wà níbẹ̀ o. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀, iléèwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896 náà wà níbẹ̀, 1923 làwọn ará ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ẹ bi àwọn ọmọ pé kí ló dé tí èèyàn fi máa lọ kọ́lé sórí òkúta, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìsàlẹ̀ wò láti òkè, fúnra wọn ni wọ́n máa sọ pé torí ogun ni. Ẹ gba ọmọ ìlú tó máa mú yín káàkiri, torí òun ló mọ ìtàn ẹsẹ̀ Agbóògùn, ìyẹn ojú ẹsẹ̀ kan lára òkúta, tí wọ́n ní ó máa ń bá ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn mu, àgbà àtọmọdé. Àwọn ọmọ tò láti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ariwo ò jẹ́ ká gbọ́rọ̀ mọ́.

Irú ọ̀pọ̀lọ́ kan tún wà tí wọn ò rí níbòmíràn láyé àfi níbẹ̀, Perret's toad lorúkọ tí wọ́n ń pè é. Ibi tí omi bá ti ń ṣàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí òkúta làwọn ọmọ ẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́. Wíwò nìkan ni o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú un.

Ẹ tètè jáde nílé. Ọkọ̀ tí a háyà pẹ́ kó tó dé, oòrùn ti mú kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ibòji ò sì sí lórí òkúta gbalasa yẹn, àwọn kéékèèké sunkún. Lásìkò òjò, yíyọ̀ ló máa ń yọ̀.

Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ má tíì lọ. Ìlú kòkó ni Ìdànrè, ẹ wá àgbẹ̀ tó máa la kòkó fún wọn, kí wọ́n mu omi dídùn tó wà lára kóró ẹ̀, kí ó sì fi hàn wọ́n bó ṣe máa ń wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kí wọ́n tó sá a. Àwọn tiwa ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ṣokoléètì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún àgbẹ̀ náà ní nǹkan o, iṣẹ́ tíṣà ló bá yín ṣe yẹn.